Ẹ Wọn Ìfúnpá Epo Kí Ẹ Tó Tú Ọkọ̀

Bí ènìyàn bá dúró lẹ́bàá òpópó Tubman Boulevard ní Sinkor, ní ìlú Monrovia, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, yóò rí oríṣiríṣi ohun ìrìnnà tí ń kọjá: alùpùpù tí wọ́n ń pè ní pehn-pehn, jíìpù ńláńlá ti àwọn àjọ òkèèrè, àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi orúkọ tiwa gan-an pè, tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ pé kehkeh. (Ẹ kò rí i pé èdè wa mọ ọ̀nà Liberia ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ!) Láàárín gbogbo wọn, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, Mercedes àtijọ́ kan yóò yọ, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní ogójì ọdún, tí yóò sì máa lọ jẹ́jẹ́ bí àgbà.

Ọ̀kan nínú irú Mercedes bẹ́ẹ̀ ni ó sún mi kọ ìwé yìí. 230E ni, wọ́n ṣe é ní ọdún 1982, ìyá kan tí ó jẹ́ ọmọ Yorùbá, tí ń ta aṣọ ní Waterside, ni ó ni ín. Ọkọ̀ náà kò ní àléébù kankan ní òwúrọ̀. Bí wọ́n bá ti fi ọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ báyìí, ẹ́ńjìnì a dáhùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wà á dé ọjà, tí wọ́n pa á fún ìdajì wákàtí nínú oòrùn, tí wọ́n sì tún fẹ́ gbéra, yóò kàn máa ké lásán ni, kò ní jí. Ó di ìgbà tí ó bá tutù pátápátá.

Oṣù mẹ́ta ni àwọn mẹkáníìkì fi wo àìsàn yìí. Wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, wọ́n pààrọ̀ bátìrì, wọ́n pààrọ̀ wáyà. Wọ́n ní pọ́ǹpù epo ni, ìyá náà ra tuntun. Nígbà tí owó tán tí sùúrù náà sì fẹ́ tán, ìmọ̀ràn tí wọ́n mú wá ni èyí tí a ti gbọ́ gbọ́ gbọ́ láti Monrovia títí dé Ìbàdàn: ‘Ẹ jẹ́ kí a yọ pálapàla yìí kúrò, kí a fi kabúrétọ̀ sí i.’

Pálapàla! Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí pálapàla náà jẹ́.

Nínú ọkọ̀ tí ó ń lo kabúrétọ̀, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń fà sínú ni ó ń fa bẹntiróòlù tẹ̀lé ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọdé ti ń fi ìdí koríko fa omi mu. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ tí ń tu epo, pọ́ǹpù kan wà lẹ́yìn ọkọ̀ tí ń fi agbára ti epo náà síwájú, tí nọ́ọ̀sù sì ń tú u jáde bí ìrì wẹ́wẹ́. Ilé iṣẹ́ Bosch ti ilẹ̀ Jámánì ni ó mú èyí tí wọ́n ń pè ní D-Jetronic jáde ní 1967, nínú Volkswagen 1600. Ní 1973 ni K-Jetronic tẹ̀ lé e, òun ni ó wà nínú ọkọ̀ ìyá aláṣọ. Èyí kò ní kọ̀ǹpútà kankan nínú. Àwo irin kan ni afẹ́fẹ́ ń gbé sókè bí ó ti ń wọlé. Àwo náà a ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ọ̀pá a sì ṣí ọ̀nà fún epo ní ìwọ̀n tí ó bá afẹ́fẹ́ náà mu. Ohun tí ń tẹ ọ̀pá náà láti òkè, tí kò jẹ́ kí ó fò ju bó ti yẹ lọ, epo kan náà ni. Ẹ rí i nígbà náà pé ìfúnpá epo ni gbogbo ìṣirò rẹ̀ dúró lé. Bí ìfúnpá tí ń tẹ ọ̀pá bá kéré jù, epo á pọ̀ jù, èéfín dúdú á máa jáde. Bí ó bá pọ̀ jù, epo ò ní tó, ẹ́ńjìnì á máa gbọ̀n.

Ìfúnpá náà kì í ṣe kékeré. Afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ kékeré kì í sábà ju bárì 2 àti ààbọ̀ lọ. Epo inú ọ̀pá K-Jetronic tó bárì 5. Ti D-Jetronic jẹ́ nǹkan bí bárì 2. Ta ni ó lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀ bárì 5 sí bárì 3? Kò sí dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí yóò wo ojú aláìsàn nìkan, tí yóò sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, tí yóò sì kọ oògùn. Yóò kọ́kọ́ di ohun ìwọ̀n mọ́ ọn lápá. Kí ló dé tí a fi gbà kí wọ́n fi ‘bóyá’ wo ọkọ̀ wa?

Ẹni tí ó gba ìyá náà sílẹ̀ jẹ́ ọkùnrin ará Liberia kan tí orí rẹ̀ ti ń funfun, tí ó kọ́ iṣẹ́ ní Booker Washington Institute ní Kakata, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1929. Ó kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó pè é ní Old Ma gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, kò sì fọwọ́ kan spánà. Ìbéèrè ni ó kọ́kọ́ ń bi í: nígbà wo ni kì í jí? Ṣé ó ń rùn? Ṣé èéfín ń jáde? Lẹ́yìn náà ni ó mú kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ láìyí ẹ́ńjìnì, tí ó gba epo tí ń padà sí táǹkì sínú ìgò, tí ó sì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Lítà 1 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 40 ni ó yẹ kí ó wá. Ó wá bẹ́ẹ̀, ó tilẹ̀ yára jù bẹ́ẹ̀. Ó da epo náà padà, ó sì fi gééjì sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Ìfúnpá dára. Ti ọ̀pá náà dára pẹ̀lú. Nígbà náà ni ó pa gbogbo rẹ̀, tí ó sì jókòó, tí ó ń wo gééjì.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Bí a bá pa ẹ́ńjìnì, ìfúnpá kò gbọdọ̀ sálọ. Ó yẹ kí ó ṣì wà ní nǹkan bí bárì 2 lẹ́yìn ìdajì wákàtí. Ìdí ni pé epo tí a há mọ́ kì í tètè hó. Bí ìfúnpá bá lọ, tí ooru ẹ́ńjìnì sì dé bá epo inú ọ̀pá, epo náà á di oruku, nọ́ọ̀sù á máa tu afẹ́fẹ́, ọkọ̀ kò sì ní jí títí yóò fi tutù. Ti ìyá aláṣọ, ìṣẹ́jú mẹ́rin kò tíì pé tí abẹ́rẹ́ gééjì fi bọ́ sí òdo. Ọkùnrin náà wo àwọn nọ́ọ̀sù, wọn kò jò. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lápá ẹ̀yìn, níbi tí ìkòkò irin kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pa ìfúnpá mọ́. Rọ́bà kan wà nínú ìkòkò náà. Bí ó bá ya, epo á máa gba ẹ̀yìn jáde. Ó fa páìpù ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, epo sì tú sí i lọ́wọ́.

Ìkòkò kékeré yẹn nìkan ni. Ó tún yẹ pọ́ǹpù àtijọ́ tí wọ́n ti jù sínú búùtù wò. Kò ṣe é ní nǹkan kan.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọn yóò ní ẹ̀yà irú ọkọ̀ báyìí wọ́n, pé òkè òkun ni a ti ń ránṣẹ́ sí i, pé kabúrétọ̀ rọrùn láti tún ṣe. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ní Monrovia, òjò tí ń rọ̀ ju mílímítà 4,000 lọ lọ́dún. Epo tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà lè ní omi nínú, omi a sì mú kí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ náà dípẹtà. Èmi náà yóò bá ẹni tí ọ̀pá rẹ̀ ti dípẹtà kọjá àtúnṣe kẹ́dùn, n kò sì ní bínú bí ó bá fi kabúrétọ̀ sí i. Ẹni tí mo ń bá jà ni ẹni tí kò wọn ohunkóhun kí ó tó dá ẹjọ́ ikú fún un. Owó púlọ́ọ̀gì, bátìrì, wáyà àti pọ́ǹpù tí ìyá yìí ná dànù, ìlọ́po mélòó ni ó fi ju owó gééjì kan lọ!

Ogun tí ó jà ní Liberia láti 1989, tí ó dáwọ́ dúró díẹ̀, tí kò sì tán títí di 2003, tú àwọn ọ̀gá iṣẹ́ àti ọmọ iṣẹ́ ká. A lè fi èyí dárí ji wọ́n. Kí ni àwíjàre tiwa ní Èkó àti Abẹ́òkúta? A ń ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pẹ̀lú ìlù àti ọtí, a ń ya fọ́tò wọn pẹ̀lú ọ̀gá, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tíì fojú kan gééjì epo rí. A ń kígbe pé kí àjèjì má ṣe jẹ́ ọ̀gá lé wa lórí nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹni tí kò lè wọn ohun tí ń bẹ níwájú rẹ̀, ọ̀dọ̀ àjèjì náà ni yóò padà lọ ra ẹ̀yà tí kò bàjẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí bọ́ sí. Ẹ ń kọ́ ọmọ ní ìfúnpá nínú ìwé, ọmọ a gba máàkì, a sì gbàgbé. Ẹ pe mẹkáníìkì àdúgbò wá sí kíláàsì ní ọjọ́ kan, kí ó gbé gééjì lọ́wọ́. Bí kò bá ní in, ẹ̀yin ni kí ẹ gbé ti ilé ẹ̀kọ́ lọ bá a lábẹ́ igi rẹ̀. Kí ẹ sọ fún àwọn ọmọ pẹ̀lú pé epo tí ó ní ìfúnpá a máa tú sí ènìyàn lójú, kí wọ́n rọra tú u, kí iná tàbí sìgá má sì ṣe sí nítòsí. Yorùbá ni kí ẹ fi sọ ọ́, nítorí èdè náà ni ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ọkọ̀ ìyá aláṣọ ń lọ ń bọ̀ láti Sinkor sí Waterside báyìí, oòrùn ìbáà ran, òjò ìbáà rọ̀. Kabúrétọ̀ tí wọ́n ti mú kí ó rà sílẹ̀ ṣì wà nínú páálí rẹ̀ lẹ́yìn ìsọ̀ rẹ̀, ó ń wá ẹni tí yóò rà á.