"Á Sú Wọn": Ṣé Ìdáhùn Nìyẹn Lórí Orin Kòríà?



Níbi àsàlátù kan ní Ìkàrẹ́ láìpẹ́ yìí, ìyá kan dìde, ó bi àwa àfáà tó wà níbẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀. Ó ní orin àwọn ọmọ Kòríà ni ọmọ òun obìnrin fi ń jí, òun náà ló fi ń sùn. Àwòrán wọn kún ara ògiri. Owó oúnjẹ tí òun ń fún un, dátà ló fi ń rà. Kí ni kí òun ṣe? Ọ̀kan nínú wa rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Á sú u." Gbogbo ilé ṣe àmín. Èmi ò lè ṣe é. Ìdí tí n kò fi ṣe é ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbà fún ẹlẹgbẹ́ mi níbi tó ti jàre. Lóòótọ́, ó máa ń sú ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn tó ń ta orin náà pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Gúúsù Kòríà, àdéhùn tí ilé iṣẹ́ orin ń bá àwọn ọ̀dọ́ olórin ṣe kì í sábà ju ọdún 7 lọ, ìwọ̀n tí ìjọba wọn là sílẹ̀ ní ọdún 2009. Bí ọdún 7 náà bá ti pé, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń tú ká, kí èyí tó tú ká sì ni wọ́n ti gbé òmíràn jáde. Ní ọdún 2012, "Gangnam Style" tí PSY kọ ni fídíò àkọ́kọ́ tí wọ́n wò ní ìgbà bílíọ̀nù kan lórí YouTube. Àwọn ọmọ tó ń jó o nígbà náà, mélòó nínú wọn ló ṣì ń jó o?

Ṣùgbọ́n kì í sú gbogbo wọn. Ọdún 2013 ni àwọn ọmọkùnrin méje tí wọ́n ń pè ní BTS jáde. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni wọ́n ti ń lọ sin ilẹ̀ wọn, nítorí iṣẹ́ ológun jẹ́ dandan fún ọkùnrin ibẹ̀. Oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni ẹni tó kẹ́yìn parí tirẹ̀. Àìmọye olólùfẹ́ wọn ló dúró dè wọ́n.

Kí la ń wá lọ sí Kòríà, nígbà tí àpẹẹrẹ wà nílé? Orin wéré tí wọ́n fi ń jí wa sáàrì nínú oṣù Ramadan ni fújì ti jáde. Síkírù Àyìndé Barrister, tó ti ṣe sójà rí, sọ fúnra rẹ̀ pé orúkọ òkè kan ní Japan, tí òun rí lára àwòrán ní pápá ọkọ̀ òfurufú, ni òun fi sọ orin òun. Ẹ wá wò ó: orúkọ orin tí àwọn bàbá wa fẹ́ràn, apá ibẹ̀ náà ló ti wá. Ẹni tó bá mọ ayé wọn mọ bí àwọn ti Barrister àti àwọn ti Kollington ṣe máa ń bára wọn fà á. Barrister kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2010. Síbẹ̀, ẹ lọ síbi ìnáwó èyíkéyìí láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà, kí wọ́n gbé orin rẹ̀ sí i, kí ẹ sì wo ẹsẹ̀ Alhaji tó ti hu irùngbọ̀n funfun lábẹ́ tábìlì.

Kò sú Alhaji. Iṣẹ́, aya, ọmọ àti ìrun ló wọ inú ọkàn rẹ̀, tí wọ́n sì sún orin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkàn kì í ṣófo. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ ká máa bi ara wa ni pé: lọ́jọ́ tí orin náà bá sú ọmọ, ta ni yóò bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

Ohun tó kọ́ mi nìyí, mo sì ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìtìjú. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní Ọ̀kà rí. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, ọmọ ọdún 13, tí kò lè ka alifu, bau dé òpin láìṣì í. Lọ́jọ́ kan, mo rí ìwé rẹ̀. Lẹ́tà Kòríà ló kọ síbẹ̀, ojú ewé lórí ojú ewé, ó sì gún régé. Ọba Sejong ló ṣe àwọn lẹ́tà náà ní ọdún 1443, kí mẹ̀kúnnù lè mọ̀wé kà. Mẹ́rìnlélógún ni ìpìlẹ̀ wọn. Tiwa jẹ́ 28. Ọmọ tí mo ń pè ní olódo ti kọ́ mẹ́rìnlélógún láti orí fóònù, láìsí pàṣán, láìsí àfáà.

Kí ni mo ṣe? Mo gbé ìwé náà sókè, mo fi í ṣẹ̀sín lójú gbogbo kíláàsì, mo sì fà á ya. Kò padà wá mọ́.

Lẹ́yìn ọdún méjì, mo pàdé rẹ̀ ní ọjà Ìkàrẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo fi ẹ̀rín bi í pé àwọn ará Kòríà rẹ̀ ńkọ́. Ó ní, "Ó ti sú mi tipẹ́, Àfáà." Mo ní, kéwú wá ńkọ́? Ó wolẹ̀. Kò fèsì.

Ẹ̀yin ará, àsọtẹ́lẹ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ṣẹ sí ọmọ yẹn lára. Orin náà sú u. Èrè wo ló jẹ́ fún wa?

N kò sọ pé kí a fi ọmọ sílẹ̀. Bí orin bá ń gba àsìkò ìrun lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì ń jẹ owó oúnjẹ rẹ̀, ẹ bá a wí. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kò jẹ́ kí wọ́n jágbe mọ́ ará oko tó tọ̀ sínú mọ́sáláásí. Ó jẹ́ kó tọ̀ tán, ó ní kí wọ́n da omi sí i, ó sì fi sùúrù kọ́ ọ. Ìwé lásán ni èmi rí, mo fà á ya. Ǹ bá ti ní kí ó kọ lẹ́tà Kòríà sí apá kan pátákó, kí n kọ tiwa sí apá kejì, kí ó sì fi ọgbọ́n tó fi kọ́ ti ibẹ̀ kọ́ ti ibí.

Nígbà tí àsàlátù tú, mo tọ ìyá yẹn lọ. Mo ní, "Màmá, ẹ má dúró dìgbà tó máa sú u. Ẹ lọ jókòó tì í lálẹ́ òní, kí ẹ ní kí ó túmọ̀ orin kan fún yín."

Kí Ọlọ́hun forí jìn wá, kí ó sì dá àwọn ọmọ tí a fi ẹnu wa lé lọ padà. Àmín.