Ẹ̀rọ Amómigbóná: Ẹ Má Ṣe Dí Ẹnu Ohun Tí Ń Kán

Bí ẹ̀fúùfù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ kọjá lórí òkè Kétu báyìí, tí ètè ń sán, tí eruku sì ń bo ewé mángòrò, kò sí agbolé kan ní Okpomèta tí wọn kì í gbé omi kaná kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Omi gbígbóná la fi ń wẹ ọmọ tuntun, òun la fi ń tọ́jú ìyá ìkókó, òun sì ni àwọn àgbà tí eegun ń dùn fi ń tu ara wọn lára. Ààrò mẹ́ta àti igi ìdáná ló ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ayébáyé, wọ́n sì ń ṣe é títí di òní nínú ọ̀pọ̀ ilé. Ṣùgbọ́n níbi tí iná mànàmáná ti wọlé, pàápàá nínú àwọn ilé tí àwọn ọmọ wa tó wà ní Cotonou tàbí ní òkè òkun ń kọ́ fún òbí wọn, ẹ ó rí àgbá funfun kan tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri ilé ìwẹ̀. Chauffe-eau ni orúkọ tí a ń pè é lójoojúmọ́. Ẹ̀rọ amómigbóná ni mo fẹ́ máa pè é níhìn-ín.

Ẹ̀rọ yìí a máa dá iṣẹ́ sílẹ̀ bí gbogbo ẹ̀rọ. Nígbà tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohun méjì ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín wa. Omi tí ń kán lábẹ́ rẹ̀ ń bí wa nínú, a sì ń wá bí a ó ṣe dí i. Okùn kan tó yẹ kí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sí níbẹ̀, kò pariwo, kò sì sí ẹni tó béèrè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, èyí tí ń kán ni ó ń gba ẹ̀mí là. Èyí tó dákẹ́ ni ó ń pani. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí á jọ yẹ àìsàn ẹ̀rọ yìí wò lẹ́sẹẹsẹ, kí á mọ èyí tí ọwọ́ wa ká, àti èyí tí a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ fún oníṣẹ́.

Kí á kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìkòkò irin ńlá kan ni, tí omi tútù ń gba ìsàlẹ̀ wọ̀, tí omi gbígbóná sì ń gba òkè jáde. Irin kan wà nínú rẹ̀ tí iná ń mú gbóná, òun ni résistance. Thermostat ni olùdíwọ̀n ooru: bí omi bá ti gbóná tó iye tí a fẹ́, òun ni ó ń gé iná. Ọ̀pá magnésium kan tún wà nínú omi náà, tí ìpẹtà ń jẹ díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà jẹ ìkòkò. Ó ń fi ara rẹ̀ jìn fún èyí tó gbà á sílé. Ní ìsàlẹ̀, níbi tí omi tútù ń gbà wọlé, groupe de sécurité wà níbẹ̀. Aṣọ́lé ni mo fún un lórúkọ, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Bí omi kò bá gbóná rárá, ẹ má tíì sáré pe ẹnikẹ́ni. Ẹ wò ó bóyá iná wà nínú ilé, kí ẹ sì wo disjoncteur tí ó jẹ́ ti ẹ̀rọ náà. Bí ó bá ti já, ẹ gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá tún já, ó ń sọ fún yín pé nǹkan kan ti bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ tàbí nínú okùn rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ iná. Ẹni tó bá ń gbé e sókè léraléra, tàbí tó fi okùn so ó mọ́lẹ̀ kí ó má baà já mọ́, ń dá ẹni tí ń kìlọ̀ fún un lẹ́kun ọ̀rọ̀ ni.

Bí omi bá ń gbóná ṣùgbọ́n tí ó ń pẹ́ jù, ìṣirò kékeré kan yóò ràn wá lọ́wọ́. Láti mú omi lítà 50 kúrò ní ìwọ̀n 25 °C dé 60 °C, a nílò nǹkan bí kilowatt-heure 2. Ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ jẹ́ watt 1500 yóò ṣe iṣẹ́ yìí ní nǹkan bí wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú. Bí tiyín bá ń gbà tó wákàtí méjì, ẹ gbójú sókè wo gílóòbù: ṣé ó mọ́lẹ̀ dáadáa? Ṣé fáànù ń yí bó ti yẹ? Nígbà tí gbogbo àdúgbò bá jọ ń lo iná ní ìrọ̀lẹ́, volt 220 lè wálẹ̀ sí 180. Bí ó bá sì wálẹ̀ bẹ́ẹ̀, agbára ẹ̀rọ náà yóò dín ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ̀rọ kò ṣàìsàn nígbà náà, iná ni ó rẹlẹ̀. Ẹ tàn án ní ìgbà tí iná bá lágbára, ẹ má ṣe tú u.

Bí ó bá ń pariwo bí ẹni ń yan ẹ̀pà, tí omi gbígbóná sì ń tètè tán, calcaire ni ẹ óò kọ́kọ́ fura sí, èérí funfun inú omi tí ń dì mọ́ irin bí ẹfun. Ẹ wo inú bouilloire tàbí ìkòkò tí ẹ fi ń se omi lójoojúmọ́: bí funfun bá ti bo ìdí rẹ̀, omi tí ẹ ń lò ní calcaire púpọ̀, ohun kan náà ló sì ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ ńlá. Ti bouilloire rọrùn: ẹ fún osàn wẹ́wẹ́ sínú omi, kí ẹ sè é, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan, kí ẹ sì ṣàn án nù. Ti ẹ̀rọ ńlá, oníṣẹ́ ni yóò gé iná, yóò da omi rẹ̀ nù, yóò sì ha irin náà. Bí ẹ bá jẹ́ kí èérí yìí pọ̀ jù, ooru kò ní rí ọ̀nà jáde lára irin mọ́, irin náà yóò sì jóná.

Bí omi bá ń pọ́n bí ilẹ̀ pupa wa, ẹ ṣí ti tútù nìkan, kí ẹ wò ó. Bí tútù náà bá pọ́n, ọ̀pá omi tàbí orísun omi ló fa á. Bí ó bá jẹ́ pé ti gbígbóná nìkan ló pọ́n, ìpẹtà ti wọ inú ìkòkò. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pá magnésium ti tán. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó kọjá àtúnṣe. Bí ara ìkòkò fúnra rẹ̀ bá ti ń jò, kò sí àtè tàbí símẹ́ńtì tí yóò gbà á. Ẹ ra òmíràn.

Ó wá kan omi tí ń kán. Àwọn ọmọ tí ń kọ́ PCT ní ilé ẹ̀kọ́ mọ̀ pé omi a máa fẹ̀ bí ó bá gbóná. Lítà 100 tó kúrò ní 25 °C dé 60 °C yóò fi nǹkan bí lítà kan àti díẹ̀ lé. Níbo ni lítà yìí yóò gbà nínú ìkòkò irin tó ti kún tẹ́lẹ̀? Aṣọ́lé ló ń tú u sílẹ̀. Bí agbára inú ìkòkò bá ti dé bar 7, yóò la ẹnu díẹ̀, omi yóò kán, yóò sì tún ẹnu pa dé. Nítorí náà, bí omi bá ń kán nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ara rẹ̀ le. Ẹ gbé garawa sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi omi náà fọ aṣọ, níwọ̀n bí omi kì í ti í ṣe ohun ìfiṣòfò lórí òkè Kétu wa yìí.

Mo ti wọ ilé kan rí tí ọ̀dọ́kùnrin kan ti gé igi kékeré há ẹnu aṣọ́lé, tó sì fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ dì í pinpin. Ọmọ náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ó rí omi tí ń ṣòfò, ó mọ iye tí omi ń ná ìyá rẹ̀, ó sì ṣe iṣẹ́ ọwọ́ tó mọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un ni pé bí thermostat bá kọ̀ láti gé iná lọ́jọ́ kan, omi inú ìkòkò tí a dì yóò kọjá 100 °C láìhó, nítorí kò ní àyè láti di oru. Bí irin bá wá là, gbogbo agbára yẹn yóò tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, lítà omi kọ̀ọ̀kan tó bá sì di oru yóò fẹ̀ ju lítà 1600 lọ. Ìyẹn ni ó ń wó ògiri, tí ó ń gbé òrùlé. A yọ igi náà kúrò lọ́jọ́ yẹn, a sì gbé garawa síbẹ̀.

Bí ó bá ń kán tọ̀sán tòru, títí kan ìgbà tí a ti pa iná, ìyẹn ni àìsàn. Ó lè jẹ́ pé ìdọ̀tí há a lẹ́nu: ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ kí omi tú jáde díẹ̀ láti fọ̀ ọ́, kí ẹ sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ó lè jẹ́ pé omi tó ń bọ̀ láti ìta lágbára jù. Oníṣẹ́ yóò fi réducteur de pression sí i, tàbí kí ó pààrọ̀ aṣọ́lé náà. Ṣùgbọ́n dídí kọ́.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ̀rọ̀ èyí tó dákẹ́. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀rọ omi, tí iná gbé yín díẹ̀, bó ti wù kí ó kéré mọ, ẹ pa disjoncteur lójú ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wẹ̀ níbẹ̀ mọ́ títí oníṣẹ́ yóò fi dé. Iná ti ń jò sínú omi nìyẹn. Ẹ̀rọ watt 1500 ń gba nǹkan bí ampère 7. Disjoncteur rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti ampère 16. Iná tó lè dá ọkàn ènìyàn dúró kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ampère kan ṣoṣo. Ṣé ẹ rí i pé disjoncteur lásán kò lè mọ̀ pé ènìyàn ń kú? Okùn ni ó ń ṣọ́, kì í ṣe ènìyàn. Èyí tí ń ṣọ́ ènìyàn ni disjoncteur différentiel tí a kọ 30 mA sí lára. Ó ń fi iná tó lọ wé iná tó padà. Bí ìyàtọ̀ bá ti tó ìdá 30 nínú 1000 ampère, yóò já. Bọ́tìnnì kan wà lára rẹ̀ tí a kọ TEST sí: ẹ tẹ̀ ẹ́ lóṣooṣù.

Okùn ilẹ̀ ni ìkejì rẹ̀, èyí tó ní àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ìyeyè. Ó ń gba iná tó jò, ó sì ń gbé e lọ sínú ilẹ̀ dípò kí ó gba ara ènìyàn kọjá. Àwọn tí ń kọ́lé a máa gé e kúrò láti dín owó kù, ẹ̀rọ yóò sì máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹ tún rántí pé ilẹ̀ gbígbẹ kì í gba iná bí ilẹ̀ tútù. Nínú ọyẹ́ báyìí, ọ̀pá tí wọn kò rì jìnnà lè má wúlò. Ẹ sọ fún oníṣẹ́ kí ó wọ̀n ọ́n ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan irin kíká tí à ń rì sínú garawa pẹ̀lú, thermoplongeur, tí ó pọ̀ nínú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nítorí pé kò wọ́n. Ẹ rì í sínú omi kí ẹ tó fi iná sí i. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára prise kí ẹ tó fọwọ́ kan omi. Ẹ má fi ọmọdé tì í. Ẹ má fi ìka dán omi wò nígbà tí iná ṣì wà nínú rẹ̀.

Nípa ooru, 60 °C dára. Kòkòrò àìsàn kan tí ń jẹ́ légionelle fẹ́ràn omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ láàárín 25 °C sí 45 °C, kò sì fẹ́ràn èyí tó gbóná gan-an. Ṣùgbọ́n omi 60 °C lè bó àgbàlagbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ọmọdé kò sì lè fara da ìyẹn pàápàá. Ẹ bu tútù sínú agbada ìwẹ̀ ọmọ kí ẹ tó bu gbígbóná sí i, kí ẹ sì fi ìgúnpá dán an wò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má rò pé ìmọ̀ yìí jẹ́ ti ẹlòmíràn. Abdou Moumouni Dioffo, onímọ̀ físíìsì ọmọ ilẹ̀ Niger tí a bí ní 1929, darí ilé iṣẹ́ ONERSOL ní Niamey, níbi tí wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ tí ń fi oòrùn mú omi gbóná, kí púpọ̀ nínú yín tó dáyé. Yunifásítì Niamey ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí. Oòrùn tó ran Niamey kò ṣàì ran Okpomèta.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà tí ẹni tó wá gbé ẹ̀rọ kọ́ ògiri bá parí iṣẹ́, kí ẹ tó ka owó lé e lọ́wọ́, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Níbo ni okùn ilẹ̀ wà? Èwo ni 30 mA? Níbo ni omi yóò máa gbà kán? Bí ó bá fi ọwọ́ tọ́ka sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá lè fi ọ̀kan hàn, iṣẹ́ kò tíì parí.