Ọ̀RỌ̀ ILÉ WA: Mọ́tò Kékeré àti Èéfín Rẹ̀

Lẹ́yìn ìkómọ méjì tí ẹ ó kà lójú ìwé kejì, ọ̀rọ̀ tí ó gba ẹnu kan ni ti ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́, tí ó ń fi páìpù ṣe ṣáásì mọ́tò kékeré tí a ń fi rìmóòtù darí. Bàbá rẹ̀ ní òun yóò kó gbogbo irin náà dà sí ààtàn. A lọ wò ó kí a tó dá sí i.

Iṣẹ́ gidi ni a bá. Ibi tí ó jẹ́ mítà 3 láti táyà iwájú dé tẹ̀yìn lára mọ́tò ńlá, sẹ̀ǹtímítà 30 ni lára tirẹ̀. Páìpù bíréèkì onírin, tí kò nípọn tó mílímítà 5, ni ó rà ní Panteka. Kí ó má baà fún pọ̀ níbi tí ó bá ti tẹ̀ ẹ́, ó rọ iyanrìn gbígbẹ kún inú rẹ̀, ó dí ẹnu méjèèjì, ó sì rọra tẹ̀ ẹ́ láìfi iná sí i. Igun mẹ́ta mẹ́ta ni ó to páìpù náà sí. A bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ mẹ́rin so onígun mẹ́rin, ó tì í, ó wọ́. Ó fi mẹ́ta so òmíràn, kò yẹ̀. Ẹnu yà wá.

Ẹni tí ó bá pe èyí ní eré ọmọdé, kí ó rántí pé ní 1898 ni Nikola Tesla fi ọkọ̀ ojú omi kékeré han àwọn ará New York, tí rédíò ń darí láìsí okùn, láìsí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èéfín ni ó bí bàbá nínú, a kò sì lè bá a wí. Ọmọ náà ti jó àjákù páìpù omi tí a fi síńkì bò, lẹ́yìn yàrá tí àbúrò rẹ̀ ń sùn. Bí iná bá ra síńkì, èéfín funfun rẹ̀ a máa fa ibà, òtútù àti ikọ́ ní wákàtí díẹ̀ sí i. Irú páìpù bẹ́ẹ̀ kò yẹ fún iṣẹ́ yìí rárá. Èyí tí ó bá sì yẹ, gbangba ni kí a ti jó o.

Bàbá ti gbà kí irin dúró nílé, kí iná kúrò níbẹ̀. Ajórin kan nínú ẹgbẹ́ wa ti yọ̀ǹda ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé. Ojú rẹ̀ ni ọmọ yóò ti jó oríkèé mọ́kànlá tí ó kù. Ẹni tí ó bá ní awò ajórin tí kò lò mọ́, kí ó fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé.