Ẹ Má Pa Ẹ̀ṣọ́ Ọpọlọ

Lórí rédíò àti nínú ọkọ̀ èrò, ọ̀rọ̀ kan ti gbòde: wíwú inú ara ni ìyá gbogbo àrùn, ẹni tó bá sì ra oògùn tó ń pa wíwú, ìgbàgbé ọjọ́ ogbó kò ní mú un. Òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu àwọn tó ń tà á, nítorí wíwú ọlọ́jọ́ gbọọrọ ń ba ọpọlọ jẹ́ lóòótọ́. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé wíwú yìí kan náà ni ọpọlọ fi ń gbèjà ara rẹ̀, àti pé dídènà rẹ̀ níbi tí kò yẹ ti pa èèyàn rí.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní microglia. Pío del Río-Hortega, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, ló sọ wọ́n lórúkọ lọ́dún 1919. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onímọ̀ rò pé ṣe ni wọ́n ń jókòó jẹ́ẹ́ títí àrùn yóò fi dé. Lọ́dún 2005 ni àwọn olùwádìí wo inú ọpọlọ eku tó wà láàyè, tí wọ́n rí i pé ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí kì í sinmi: wọ́n ń na ẹ̀ka wọn tẹ́ẹ́rẹ́ káàkiri láìdáwọ́ dúró, bí ọlọ́dẹ òru tó ń yẹ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí nǹkan bá ti bàjẹ́, wọ́n á ya bò ó láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọ́n ń gbé òkú sẹ́ẹ̀lì mì, wọ́n ń pa kòkòrò, wọ́n sì ń tú kẹ́míkà tó ń fa wíwú jáde. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn kiri nínú ọpọlọ ló ń ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n fara balẹ̀. Bí àrùn bá ti pa àwọn tó ń ránṣẹ́, ìjà tó yẹ kó tètè parí á di ti ọlọ́dún gbọọrọ.

Ó rọrùn láti wí pé kí a kúkú pa wíwú náà. Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún àwọn àgbà tó ti pé 70 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àrùn Alzheimer wà nínú ẹbí wọn, ní naproxen tàbí celecoxib. Ní Disẹ́ńbà 2004 ni wọ́n dá ìdánwò náà dúró nítorí ìbẹ̀rù àrùn ọkàn, èsì rẹ̀ kò sì fi hàn pé oògùn méjèèjì dènà ìgbàgbé.

Oògùn natalizumab ló kọ́ àwọn dókítà lọ́gbọ́n jù. Nínú àrùn multiple sclerosis, àwọn ọmọ ogun ara ń gba inú ẹ̀jẹ̀ wọ ọpọlọ, wọ́n á sì máa jẹ awọ tó bo fọ́nrán iṣan. Ẹni tó ní in lè jí lọ́jọ́ kan kí ojú rẹ̀ kan má ríran dáadáa mọ́, tàbí kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú. Natalizumab ń ti ilẹ̀kùn ọpọlọ mọ́ àwọn ọmọ ogun náà, ó sì ṣiṣẹ́ gan-an: ìkọlù àrùn náà dín kù ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní Nofẹ́ńbà 2004. Nígbà tó fi máa di Fẹ́búárì 2005, wọ́n ti kó o kúrò lọ́jà. Fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ JC, tó wà lára ọ̀pọ̀ èèyàn láìṣe wọ́n ní nǹkan kan, ti rí ọpọlọ tí àwọn ọmọ ogun kò lè wọ̀ mọ́, ó sì ń bà á jẹ́. Nígbà tí wọ́n yẹ ìwé àwọn tó lò ó nínú ìdánwò wò tán, ẹni mẹ́ta ni fáírọ́ọ̀sì náà ti ba ọpọlọ wọn jẹ́, méjì kú. Oògùn náà padà lọ́dún 2006 pẹ̀lú ìṣọ́ra líle, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò báyìí fún àmì fáírọ́ọ̀sì yẹn. Èmi kò pe èyí ní ìjákulẹ̀ rárá. Oògùn kan náà ni, èèyàn ló yàtọ̀ síra.

Ẹ tún wo dexamethasone, oògùn mìíràn tó ń pa wíwú, tí àwọn kan nínú wa ń rà ní kẹ́míìsì láti fi sanra. Nínú ìdánwò kan ní ilẹ̀ Yúróòpù, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2002, wọ́n fún àwọn àgbàlagbà tó ní àrùn yírunyírun ní dexamethasone, ṣáájú oògùn tó ń pa kòkòrò tàbí pẹ̀lú rẹ̀. Nínú àwọn tó gbà á, 7 nínú 100 ló kú. Nínú àwọn tí kò gbà á, 15 ni. Ní Vietnam, nínú èsì tó jáde lọ́dún 2004, ó dín ikú kù lára àwọn tí ikọ́ ife wọ awọ ọpọlọ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán an wò fún àrùn yírunyírun ní Malawi, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2007, kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́: ó lé ní ìdajì tó kú, àtẹni tó gbà á àtẹni tí kò gbà á. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn aláìsàn yẹn ló ní HIV. Ká ní àwọn dókítà Malawi kàn gba ọ̀rọ̀ Yúróòpù gbọ́ láìdán an wò, wọn ì bá máa lo oògùn lásán.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Ìbàdàn fi ń jẹ mí lọ́kàn. Lọ́dún 1992 ni àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun, Ogunniyi, Baiyewu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ àwọn àgbà àdúgbò Ìdíkàn lọ nílé, tí wọ́n ń fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Èsì tó jáde lọ́dún 2001 ni pé lọ́dọọdún, Alzheimer ń mú 1.15 nínú 100 àgbà Ìbàdàn, ó sì ń mú 2.52 ní Indianapolis. Jíìnì APOE4, tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ń bẹ̀rù, wọ́pọ̀ lára àwa Yorùbá, síbẹ̀ ẹni tó ní ẹyọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sún mọ́ àrùn náà. Púrótéènì tí jíìnì yìí ń ṣe sì wà lára ohun tí ẹ̀ṣọ́ ọpọlọ ń lò láti palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́. Ṣé ẹ̀ṣọ́ tiwa ló ń ṣe nǹkan lọ́nà mìíràn ni, àbí oúnjẹ, àbí ẹ̀jẹ̀ tí kò ru?

Owó ìjọba Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ yẹn. Mo ń fẹ́ kí àwọn gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá dá owó jọ lọ́dọọdún fún Ìbàdàn, kí wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ àti omi ọ̀pá ẹ̀yìn àwọn àgbà tó bá yọ̀ǹda wò, kí oògùn tó ń tu ẹ̀ṣọ́ ọpọlọ lójú tó dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú ìwọ̀n tí wọ́n fi ara ẹlòmíràn wọ̀n.