Kọ̀ǹpútà Tí Ń Ka Ẹ̀jẹ̀

Ní gbogbo ìgbà tí èsì ìdánwò JAMB bá jáde ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Ọmọbìnrin mọ ìṣirò, ó sì mọ baiọ́lọ́jì. Òbí fẹ́ kí ó ṣe dókítà. Òun ní kọ̀ǹpútà ni òun fẹ́ kọ́ ní Yunifásítì, kí òun lè fi ṣe iṣẹ́ lórí ẹ̀jẹ̀ àti àrùn. Baba á ní, “Ṣé kí o lè máa tẹ ìwé fún ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni mo ṣe ń sanwó ilé-ẹ̀kọ́ láti ọjọ́ yìí?” Ìyá á dákẹ́, ọmọ á bú sẹ́kún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ó dé orí ẹkún. Ọmọ náà mọ ohun tí ó ń wí.

Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tí gbogbo wa mọ̀. Kò sí ìdílé wa tí kò mọ AS àti SS; púpọ̀ nínú àwọn lémọ́mù wa ni yóò béèrè ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lónìí kí wọ́n tó so yìgì. Ṣùgbọ́n kí ni AS yìí gan-an? Nínú ara olúkúlùkù wa ni ohun kan wà tí ó dà bí ìwé, DNA ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni ó wà nínú rẹ̀, A, C, G àti T, ṣùgbọ́n ó gùn tó nǹkan bí bílíọ̀nù mẹ́ta lẹ́tà. Níbi tí ìwé yìí ti sọ bí ara yóò ti ṣe ohun tí ń gbé afẹ́fẹ́ kiri nínú ẹ̀jẹ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo, A tí ó di T, ni ó mú àìsàn wá. Bí ọmọ bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí kan, AS ni. Bí ó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àti baba, SS ni. Lẹ́tà kan péré o!

Ta ni yóò fi ojú lásán wá a rí? Bí ènìyàn bá ń ka lẹ́tà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí kò sùn, tí kò jẹun, yóò tó ọdún 95 kí ó tó ka ìwé ẹnì kan tán. Kọ̀ǹpútà ni ó ń kà á. Ẹni tí ó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní ohun tí yóò wá, tí ó ń mú ìwé aláìsàn wé ti ẹni tí ara rẹ̀ le, òun ni ọmọ yín fẹ́ dà. Bioinformatics ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà.

Ẹ má sì sọ pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Obìnrin wà nínú àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀: Margaret Dayhoff, ará Amẹ́ríkà, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó lẹ́tà ti àwọn purotéènì jọ sínú ìwé kan ní ọdún 1965. Ó ní ọkọ, ó sì bí ọmọbìnrin méjì.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí wa. Nígbà tí àwọn onímọ̀ orílẹ̀-èdè púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní HapMap ní ọdún 2002, Yorùbá Ìbàdàn wà lára àwọn tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn: ìdílé 30, baba, ìyá àti ọmọ, ènìyàn 90 lápapọ̀. Ní ọdún 2008, wọ́n tẹ ìwé jáde lórí ọkùnrin Yorùbá kan láti Ìbàdàn tí wọ́n ka gbogbo lẹ́tà rẹ̀ pátá. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé káàkiri ayé ti ń fi ẹ̀jẹ̀ Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ wa tí ó lè jókòó kà á ni kò pọ̀ tó, èyí sì ń dùn mí. Síbẹ̀, a ti bẹ̀rẹ̀. Ní Ẹdẹ, ní Yunifásítì Redeemer's, ni wọ́n ti ka lẹ́tà kòkòrò kòrónà ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní i ní Nàìjíríà, ní oṣù kẹta ọdún 2020, láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò sí ibòmíràn ní Áfíríkà tí ó ṣáájú wọn.

Ó kù bí ọmọ yóò ti ṣe é. Fún kọ̀ǹpútà, Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti físíìsì ni JAMB ń fẹ́, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ kan sí i. Kí ọmọ yín mú baiọ́lọ́jì tàbí kẹ́mísírì ṣe ìkẹrin, kí ó má sì jẹ́ kí èkejì bọ́ lọ́wọ́ òun ní WAEC. Ọdún mẹ́rin ni. Kí ó má ṣe retí pé òun yóò bá orúkọ bioinformatics lára ilẹ̀kùn. Ní ọ̀pọ̀ Yunifásítì wa, kọ̀ǹpútà ni ọmọ yóò kọ́, yóò máa yá ẹ̀kọ́ ní ẹ̀ka baiọ́lọ́jì, yóò sì fi iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ àti oyè kejì wọ inú rẹ̀ dáadáa. Ìṣirò ni ó ń lé ọ̀pọ̀ ọmọ sá, pàápàá ti ìṣirò oníye tí wọ́n ń pè ní statistics. Ẹni tí ó bá sá fún un kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Kí ó tètè mọ̀.

Ẹ óò ra kọ̀ǹpútà alágbèéká fún un. Kò dìgbà tí ó bá jẹ́ olówó ńlá. Àwọn lẹ́tà tí wọ́n ti kà káàkiri ayé wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní GenBank, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1982, ọ̀fẹ́ ni, ọmọ tí ó wà ní Ìlọrin ń rí ohun tí ọmọ Lọ́ńdọ́nù ń rí. Dátà àti iná mànàmáná ni ìṣòro, ẹ̀yin náà mọ̀.

Ní ti iṣẹ́ lẹ́yìn ìwé, n kò ní tàn yín. Ilé-iṣẹ́ tí ń gba irú wọn nílé níbí kò tíì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ kọ̀ǹpútà kọ́ kì í jókòó lásán. Báńkì ń wá irú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ fóònù ń wá a, ó sì lè ṣiṣẹ́ fún ẹni tí ó wà lókè òkun láti inú yàrá rẹ̀, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Dókítà tí wọ́n ń pè lóru kò ní irú àǹfààní yẹn.

Bí ó bá jẹ́ pé Ìṣègùn ni ẹ ti kọ sínú fọ́ọ̀mù rẹ̀, JAMB ń gba owó láti yí i padà. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí Yunifásítì tí ẹ ń lọ ń béèrè, kí ẹ tó san án.