Gílóòbù Olówó Pọ́ọ́kú Kọ́ Ló Mú Ọkọ̀ Rì

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ojú mi ló ṣe, kì í ṣe pé wọ́n sọ fún mi. Ó dùn mí débi pé mi ò lè pa á mọ́ra.

Bọ̀dá kan wà tí a jọ ń gbé ilé kan náà l'Ékòó. Iṣẹ́ iná ló ń ṣe. Bó bá ṣe wáyà sílé fún èèyàn, ẹ ò ní rí àléébù kankan níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá olówó kan ránṣẹ́ pè é. Ọ̀gá yìí ní ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, irú èyí tí wọ́n fi ń gbafẹ́ lọ sí Tarkwa Bay lópin ọ̀sẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n bá òun fi iná sí ìdí ọkọ̀ náà, lábẹ́ omi níbẹ̀, kí omi máa tàn yòò bí òun àti àwọn àlejò òun bá ń ṣe fàájì lálẹ́. Ó ti rí i lára ọkọ̀ ẹlòmíì, ó sì wọ̀ ọ́ lójú. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní ra gílóòbù olówó gọbọi o.

Bọ̀dá ní ìyẹn ò le. Ó wọ ọjà, ó ra gílóòbù LED mẹ́rin tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé omi ò lè wọ inú wọn. Owó pọ́ọ́kú ni. Èmi náà bá a lọ sí èbúté, èmi ni mo bá a gbé àpò irinṣẹ́.

Kí n má parọ́, gílóòbù yẹn dára. Ayé ti yí padà lórí ọ̀rọ̀ iná. Àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta tí wọ́n bí ní Japan, Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, ni wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2014 nítorí pé wọ́n wá ọ̀nà tí LED fi lè tan iná búlúù. Iṣẹ́ wọn ló jẹ́ kí iná funfun tí kì í jẹ bátìrì púpọ̀ di ohun tí mẹ̀kúnnù lè rà. Nítorí náà, ẹ má dá gílóòbù lẹ́bi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ rèé. Wọ́n fa ọkọ̀ gun orí iyanrìn. Bọ̀dá lu ihò mẹ́rin sí ìdí rẹ̀, níbi tí omi máa bò, ó ki wáyà gba inú ihò kọ̀ọ̀kan. Ó wá fi gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì fèrèsé dí i. Wọ́n kọ ọ́ sára gọ́ọ̀mù yẹn pé kó tó gbẹ dáadáa, ó di odindi ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n àlejò ọ̀gá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. "Ẹ ṣe kíá, ẹ ṣe kíá!" ni wọ́n ń pariwo mọ́ wa. Kò tó wákàtí méjì tí a ti ọkọ̀ padà sómi. Mo rí ohun tí wọ́n kọ sára gọ́ọ̀mù yẹn o, mo kà á, mo sì dákẹ́.

Nígbà tó di aago méje alẹ́, bọ̀dá tan iná. Háà! Omi di bí aṣọ àrán búlúù. Àwọn ẹja kéékèèké ń sá wá síbi ìmọ́lẹ̀. Àwọn àlejò ń ya fọ́tò. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Nígbà tí fàájì parí, kálukú gba ilé lọ, kò sẹ́ni tó rántí pa iná.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, imú ọkọ̀ nìkan ló kù lójú omi.

Baba àgbàlagbà kan tó ń kan ọkọ̀ létí èbúté ló là á yé wa. Ó ní ihò tí kò fẹ̀ ju ààbọ̀ ínǹṣì lọ, bó bá wà ní ẹsẹ̀ bàtà kan sísàlẹ̀ omi, tí nǹkan kan ò dí i, ó lè gba nǹkan bíi lítà 10 wọlé ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀yin oníẹpo, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 á kún ní ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀. Láàárín wákàtí kan, ó ti lé ní ogún kẹ́ẹ̀gì! Ihò tiwa kò ṣí tán, nítorí wáyà wà nínú rẹ̀, gọ́ọ̀mù sì kù díẹ̀ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo òru ni omi fi ṣiṣẹ́. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ẹ ní, ṣebí ẹ̀rọ wà nínú ọkọ̀ tó máa ń fa omi jáde fúnra rẹ̀? Ó wà. Bátìrì kan náà ló ń lò pẹ̀lú iná. Gílóòbù mẹ́rin, wáàtì 10 lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí bátìrì fóòtì 12, ó ń mu lé ní áǹpù mẹ́ta. Láti aago méje alẹ́ dé aago márùn-ún ìdájí, ó ti mu lé ní 30 nínú bátìrì tí kò gbà ju 60 lọ, tó sì ti gbó. Ẹ̀rọ náà fa omi títí, bátìrì kú, òun náà dákẹ́.

Omi iyọ̀ wọ ẹ́ńjìnnì. Ọ̀gá ní bọ̀dá ló máa san owó àtúnṣe. Aránṣọ ni ìyàwó bọ̀dá, ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ló ní. Ọ̀kan ti lọ báyìí, gbèsè ò sì tíì tán. Bí mo bá ti ń gbọ́ dídún ẹ̀rọ kan tó kù yẹn lọ́wọ́ alẹ́, àtẹ́wọ́ tí mo pa máa ń ro mí lọ́kàn.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ iná, ẹ gbọ́ bí baba ṣe ní kí a máa ṣe é. Àkọ́kọ́, bí ẹ bá lè yẹra fún ihò, ẹ yẹra fún un. Gílóòbù kan wà tí wọ́n ń dè sójú ihò tí wọ́n fi ń da omi inú ọkọ̀ nù, ihò tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òmíràn wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀, kí wáyà rẹ̀ gùn lọ sókè, kó wọlé níbi tí omi ò lè dé. Bó bá di dandan kí ẹ lu ihò, gọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe fún abẹ́ omi ni kí ẹ lò, kí ọkọ̀ sì wà lórí ilẹ̀ títí yóò fi gbẹ.

Ìkejì, wáyà ilé kọ́ ni wáyà ọkọ̀. Omi iyọ̀ ń jẹ bàbà inú rẹ̀ títí yóò fi di àwọ̀ ewé. Èyí tí wọ́n fi tánganran bo bàbà rẹ̀ ni kí ẹ rà. Kí fíùsì sún mọ́ bátìrì. Kí iná ní bátìrì tirẹ̀, kó má bá ẹ̀rọ tó ń fa omi du ẹyọ kan. Ẹ má sì fi iná ilé tàbí ti jẹnẹrétọ̀ sínú omi láéláé, ikú ni.

Ìkẹta, bí ọkọ̀ bá ń rìn lálẹ́, ẹ pa iná abẹ́ omi. Òfin ojú omi gbogbo ayé ní kí pupa wà lápá òsì, kí àwọ̀ ewé wà lápá ọ̀tún, kí funfun wà lẹ́yìn. Iná míì ò gbọdọ̀ da àwọn yẹn rú mọ́ ẹni tó ń bọ̀ lójú.

Bọ̀dá ti yí padà. Gílóòbù tó bá rà báyìí, inú bàsíà omi iyọ̀ ni yóò tàn án mọ́jú kó tó gbà pé omi ò lè wọ̀ ọ́. Bí oníbàárà bá sì ní kó ṣe kíá, á ní, "Ọ̀gá, ẹ wá ẹlòmíì." Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín ń kọ́ṣẹ́ iná, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí sí i létí. Bí irú rẹ̀ bá sì ti ṣe ojú yín rí, ẹ kọ̀wé sí wa, kí ẹlòmíì lè fi kọ́gbọ́n. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.