Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ kí ẹ tó ta iléeṣẹ́

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láwọn àdúgbò tí iléeṣẹ́ ńlá pọ̀ sí nílẹ̀ Yorùbá, láti Ìkẹjà dé Àgbárá, láti Ṣàgámù dé Ewékorò. Ìbéèrè tí àwọn òṣìṣẹ́ ń bi ara wọn ni pé, 'Ṣé wọn ò tíì tà wá báyìí?' Bí wọ́n bá rí àjèjì mẹ́ta tí wọ́n ń wo ẹ̀rọ kiri, tí wọ́n ń kọ nǹkan sínú ìwé, ọkàn wọn a já. Bí ọ̀gá bá ní kí gbogbo èèyàn pé jọ lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, oúnjẹ ọ̀sán kò ní í lọ lọ́nà ọ̀fun mọ́. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí bá wa dá sí i, nítorí ọmọ yín ni wọ́n, owó tó sì ń wọ abúlé láti ọwọ́ wọn kò kéré.

Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe àsọdùn. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Unilever Nigeria kéde pé òun ń jáwọ́ nínú Omo, Sunlight àti Lux. Ọdún yẹn gan-an ló pé 100 ọdún tí iléeṣẹ́ náà ti wà nílẹ̀ yìí. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, GlaxoSmithKline, tó ń ta Panadol àti Macleans fún wa, ní òun ń kógbá sílé lẹ́yìn ọdún tó lé ní 50. Nígbà tó di oṣù kejìlá, Procter & Gamble, àwọn tó ni Ariel, Pampers àti Always, sọ pé ńṣe làwọn yóò máa kó ọjà àwọn wọlé láti òkè òkun. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Diageo kéde pé òun fẹ́ ta ìpín 58.02 nínú ọgọ́rùn-ún tí òun ní nínú Guinness Nigeria fún Tolaram. Oṣù kejìlá ọdún náà ni Holcim ní òun ń ta ìpín 83.81 nínú ọgọ́rùn-ún tí òun ní nínú Lafarge Africa fún Huaxin, iléeṣẹ́ síméńtì kan láti China. Lafarge yìí ni ẹ̀yin àgbà mọ̀ sí WAPCO, àwọn onísíméńtì eléèrín, tí wọ́n ti wà l'Ewékorò láti ọdún 1960. Oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni títà náà parí.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọwọ́ àwọn oníléeṣẹ́ náà kò mọ́lẹ̀ lásán. Nígbà tí ìjọba fi náírà sílẹ̀ kó wá iye tirẹ̀ lọ́jà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là tí ìjọba ń ṣẹ́ ní iye tí kò tó 500 náírà fò sókè. Kó tó di ìparí oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Iléeṣẹ́ tó ń fi dọ́là ra èròjà, tó ń fi dísù ṣiṣẹ́, tó sì ń fi náírà tajà, inú ẹ̀fọ́rí ló wà. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà pé ó fẹ́ ta ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Ohun tí mo ń bá wọn jà lé lórí ni bí wọ́n ṣe ń tà á, tí ẹni tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe ọjà yóò wá jẹ́ ẹni ìgbẹ̀yìn tí yóò gbọ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Procter & Gamble gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Níbi ìpàdé àwọn olùdókòwò lókè òkun ni ọ̀gá tó ń bójú tó owó iléeṣẹ́ náà ti sọ̀rọ̀ ọ̀hún, ibẹ̀ ni ìròyìn ti tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó fowó sí i gbọ́ lójúkojú, ẹni tó fi òógùn ojú rẹ̀ sí i ń gbọ́ ọ nínú ìwé ìròyìn tàbí lórí fóònù.

Ohun tí ìdákẹ́jẹ́ ń fà kọjá kí inú èèyàn kàn bàjẹ́. Òṣìṣẹ́ tí kò mọ̀ bóyá òun yóò níṣẹ́ lọ́wọ́ lóṣù mẹ́ta sí i, kò mọ̀ bóyá kí òun san owó ilé ọdún kan. Ó ti yáwó nínú ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ló sì dúró fún un. Bí wọ́n bá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọrùn àwọn méjèèjì ni gbèsè yóò bọ́ sí, ó sì lè jẹ́ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn náà. Ìyá olóúnjẹ tó wà lẹ́nu géètì kò mọ̀ bóyá kí òun ra àpò ìrẹsì méjì tàbí kóńgò mẹ́wàá. Àwọn tó mọ iṣẹ́ jù ni yóò kọ́kọ́ wá ibòmíì lọ, àwọn tó bá kù yóò sì máa fi ẹ̀rù ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó lè gé èèyàn lọ́wọ́.

Àwọn ọ̀gá máa ń sọ pé bí àwọn bá tètè sọ̀rọ̀, àwọn oníbàárà yóò sá, iye ìpín yóò sì máa lọ sókè sódò. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n wá ka iye tí wọ́n ń ná an sí etí gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá kéde fún àwọn olùdókòwò, kí ló dé tí wọn kò lè pe òṣìṣẹ́ jọ láàárọ̀ ọjọ́ kan náà? Bí ọ̀gá bá dákẹ́, àhesọ ni yóò máa bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀, àhesọ kì í sì í sọ ohun tó dára.

Yàtọ̀ sí pé ó yẹ bẹ́ẹ̀, òfin pàápàá sọ ọ́. Apá ogún nínú òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa, ìyẹn Labour Act, sọ pé bí iléeṣẹ́ bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ àti bí yóò ṣe pọ̀ tó fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn. Ó ní ẹni tó dé kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè wo ìmọ̀ iṣẹ́ àti bí ẹni náà ṣe ṣeé gbọ́kàn lé. Ó tún ní kí iléeṣẹ́ sa gbogbo ipá rẹ̀ láti dúnàádúrà lórí owó tí yóò fún àwọn tó ń lọ. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti akọ̀wé ni òfin yìí dáàbò bò jù. Àwọn ọ̀gá kéékèèké ní láti wo ìwé àdéhùn iṣẹ́ tiwọn.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Bó bá jẹ́ ìpín iléeṣẹ́ ni wọ́n tà, bíi ti Guinness àti Lafarge, iléeṣẹ́ náà ṣì ni ọ̀gá rẹ, ìwé iṣẹ́ rẹ kò yí padà, ọdún tí o ti lò níbẹ̀ kò sì gbọdọ̀ sọnù. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ̀ka kan ni wọ́n gé tà, tí wọ́n fẹ́ kí o bá ẹ̀ka náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn, apá kẹwàá òfin kan náà ní o gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì bu ọwọ́ lù ú. Ẹrù kọ́ ni èèyàn tí wọ́n á fi kún ọjà.

Tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà lẹ ní ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ọmọ ọwọ́ ni mo wà nígbà tí ìjọba kásẹ̀ Nigeria Airways nílẹ̀ lọ́dún 2003, ṣùgbọ́n mo dàgbà tó láti ka ìròyìn ọdún 2018, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń tò láti gba ẹ̀tọ́ wọn, ọdún 15 lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú kí owó ọ̀hún tó jáde. Ìdí rèé tí òṣìṣẹ́ òde òní kò fi gbà gbọ́ bí wọ́n bá sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí oníléeṣẹ́ sọ fún òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà tó bá sọ fún olówó. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé títà pé ẹni tó ń rà á yóò san gbogbo ẹ̀tọ́ tó wà nílẹ̀, kí wọ́n sì dárúkọ iye oṣù tí kò ní í lé ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n ka àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì mọ́ ọn, nítorí àwọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ lé láìsí kọ́bọ̀. Àjọ FCCPC ló ń fọwọ́ sí irú ìtajà báyìí. Kó má ṣe fọwọ́ sí èyíkéyìí láìkọ́kọ́ bi í pé, 'Àwọn òṣìṣẹ́ ńkọ́?'

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ má sùn. Ẹ wádìí owó ìfẹ̀yìntì yín nísinsìnyí. Ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kéré jù tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù yín, ìdá mẹ́wàá ni iléeṣẹ́ ń fi kún un, ó sì gbọ́dọ̀ dé inú àpò tó ń jẹ́ orúkọ yín láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí wọ́n sanwó oṣù. Owó yẹn kì í ṣe ara ohun tí wọ́n ń tà. Bí iṣẹ́ bá bọ́, tí oṣù mẹ́rin sì kọjá láìrí òmíràn, ẹni tí kò tíì pé 50 ọdún lè béèrè fún ìdá mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ó dín ẹyọ kan, ìyẹn 25 nínú ọgọ́rùn-ún, nínú rẹ̀. Ẹ sì má fi ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀, nítorí àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Ẹ̀yin òbí náà, bí ọmọ yín bá pè láti Àgbárá tàbí Ṣàgámù, tí owó tó ń fi ránṣẹ́ bá dín kù, ẹ má tètè sọ pé ìyàwó ló gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ bi í nípa iṣẹ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó ti tó oṣù mélòó kan tí kò ti rí ẹni tí yóò sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un.